Kírétè ni méèsì oko àgbàdo ti wá, kì í ṣe Ìlú Ọba

Àwọn kan máa ń sọ pé Ìlú Ọba ni wọ́n ti mú méèsì, ìyẹn eré ká la ọ̀nà wọ́kọwọ̀kọ sínú oko àgbàdo, wá, wọ́n á ní ṣebí ti ọgbà Hampton Court ti wà láti bí ọdún 1690. Ó dáa, àmọ́ ta ló kọ́ àwọn náà? Kírétè ni jàre, erékùṣù tí Pọ́ọ̀lù fi Títù sí nínú Bíbélì.

Wọ́n ní Ọba Minos ti Kírétè ló ní kí Daedalus, oníṣẹ́ ọnà kan, kọ́ ilé kan tí wọ́n ń pè ní lábírìntì, tẹ́ni tó bá wọ̀ ọ́ ò ní mọ̀nà jáde, kó lè tọ́jú Minotaur síbẹ̀, ara èèyàn, orí màlúù. Ọmọkùnrin méje, ọmọbìnrin méje láti Áténì ni wọ́n ń kó fún un jẹ títí Theseus, akọni ọmọ Áténì, fi dé, Ariadne ọmọ ọba wá fún un ní òwú kó máa tú u sílẹ̀ bó ṣe ń wọlé lọ, ìgbà tó pa ẹranko náà tán, òwú yẹn ló tọ̀ jáde. Ibẹ̀ náà lòyìnbó ti rí ọ̀rọ̀ clue, òwú tí wọ́n ká jọ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́.

Ẹ má pè é lálọ̀ọ́ lásán o. Arthur Evans, awalẹ̀pìtàn ọmọ Ìlú Ọba, bẹ̀rẹ̀ sí í wú ilẹ̀ Knossos ní Kírétè lọ́dún 1900, ààfin tó hú jáde, yàrá inú yàrá ni. Wàláà amọ̀ kan láti ibẹ̀ sọ pé ìkòkò oyin kan fún gbogbo òrìṣà, ìkòkò oyin kan fún Ìyá da-pu-ri-to. Ohun tí gbogbo òrìṣà pín, òun nìkan ló gbà á! Èmi gbà pé lábírìntì ni da-pu-ri-to yẹn, àwọn kan sì ní ara labrys lorúkọ náà ti yọ, ìyẹn àáké olójú méjì, ó jọ oṣé Ṣàngó gan-an. Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, náà ní Daedalus ṣe ojú agbo ijó fún Ariadne ní Knossos, mo wá ń rò ó pé bóyá ẹsẹ̀ ijó ni ọ̀nà yẹn kó tó di ilé. Àwọn tó ń pariwo pé Íjíbítì ni lábírìntì ti wá, torí ilé oníyàrá 3,000 tí Herodotus, òpìtàn Gíríìkì, sọ pé ó wà níbẹ̀, níbo ni òwú wà níbẹ̀?

Àgbàdo ní tiẹ̀, Mẹ́síkò ló ti wá, àwọn Gíríìkì àtijọ́ ò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1993 ni Don Frantz àti Adrian Fisher ṣe méèsì oko àgbàdo tó sọ eré náà di ńlá, ní Annville, Pennsylvania, wọ́n gé e bíi dínósọ̀, wọ́n sì fi kówó jọ fáwọn àgbẹ̀ tí omíyalé ba oko wọn jẹ́. Ní báyìí wọ́n á gbìn ín lóròó, wọ́n á tún gbìn ín níbùú, wọ́n á la ọ̀nà nígbà tí àgbàdo ò tíì ga, GPS lára katakata ló ń darí wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ti Gíríìkì, kó gbé Minotaur sí àárín gbùngbùn, kó sì so òwú mọ́ ẹnu ọ̀nà.