Kí Ẹ Tó Sọ Pé "Nọ́mbà Mi Nìyí"

Màmá kan jókòó níwájú mi, fóònù wọn lọ́wọ́, inú ń bí wọn sí ọmọ wọn. Ọmọ náà wà lókè òkun, ó ní òun wá ìyá òun títí lórí WhatsApp, òun ò rí wọn. Màmá ní irọ́ ni, kò kàn fẹ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ka nọ́mbà tẹ́ ẹ fún un kí n gbọ́." Wọ́n kà á láìwo ibì kankan, ó já gaara lẹ́nu wọn. Mo gba fóònù, mo ṣí WhatsApp, mo tẹ Settings, mo tẹ orúkọ wọn tó wà lókè pátápátá. Nọ́mbà tí mo bá níbẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà.

Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń lo fóònù, mi ò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti rí irú èyí. Síìmù tí màmá fi ṣí WhatsApp ti sọnù tipẹ́. Wọ́n ra òmíràn, òun ni wọ́n fi ń pèèyàn, òun náà ni wọ́n mọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ nìkan ni WhatsApp máa ń wá síìmù yín: á fi kóòdù oní-nọ́mbà mẹ́fà ránṣẹ́, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ wọlé, ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ ẹ tilẹ̀ sọ síìmù náà sígbó, áàpù á máa bá nọ́mbà àtijọ́ lọ. Inú áàpù ni kí ẹ ti máa wo nọ́mbà yín, ẹ má fọkàn tán orí. Lórí Telegram àti Signal náà, àwọn áàpù ìtàkùrọ̀sọ méjì tó jọ WhatsApp, inú Settings ni, nítòsí orúkọ àti fọ́tò yín.

Ewu wà nínú síìmù tó sọnù yẹn o. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ta síìmù kì í fi nọ́mbà ṣòfò. Èyí tí ẹnì kan ò bá lò mọ́, tó bá yá, wọ́n á tà á fún ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí ẹni náà bá fi ṣí WhatsApp, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kóòdù máa lọ, WhatsApp tiyín á sì jáde mọ́ yín lọ́wọ́.

Wàhálà kejì tún wà nínú ọ̀rọ̀ màmá. Bí nọ́mbà ọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ èyí tó tọ́, òdo ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ sì ṣe kọ ọ́ sínú fóònù lókè òkun. Ẹ jẹ́ ká fi 07700 900123 ṣàpẹẹrẹ. Ó wà lára àwọn nọ́mbà tí Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà sọ́tọ̀ fún fíìmù àti eré tẹlifíṣàn, kó má baà di pé àwọn òǹwòran ń pe onínọ́mbà onínọ́mbà. Òdo tó ṣíwájú yẹn, ẹnu ọ̀nà àwọn tó wà nínú orílẹ̀-èdè náà ni. Ẹni tó wà níta kò lè gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ yọ òdo, ẹ fi àmì ìròpọ̀ àti kóòdù orílẹ̀-èdè sí ipò rẹ̀, ó di +44 7700 900123. Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ nìyẹn, ì báà jẹ́ aládùúgbò lẹ fẹ́ fún, nítorí kò sí ibi tí kò ti ní ṣiṣẹ́. Òfin àgbáyé ni pé kóòdù orílẹ̀-èdè àti nọ́mbà pọ̀ kò gbọdọ̀ ju òǹkà 15 lọ, nítorí náà bí tiyín bá gùn ju bẹ́ẹ̀, ẹ ti tẹ ohun kan ní àtẹ̀jù. (Àwọn ará Ítálì yàtọ̀: òdo iwájú fóònù inú ilé wọn kì í jábọ́. Mo sọ ọ́ nítorí pé ẹnì kan máa bi mí.)

Látorí nọ́mbà yìí kan náà lẹ ti lè ṣe líǹkì. Ẹ kọ wa.me/ kí ẹ sì lẹ nọ́mbà mọ́ ọn, láìsí àmì ìròpọ̀, láìsí òdo iwájú, láìsí àlàfo: wa.me/447700900123. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ á já sínú ìtàkùrọ̀sọ pẹ̀lú yín, kò ní kọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tọ́jú nọ́mbà. Ó dùn ún lò fún ọlọ́jà. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: nọ́mbà yín ló wà níhòòhò nínú rẹ̀ yẹn.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹyin ni nọ́mbà fóònù náà. Ẹni tẹ́ ẹ bá ti fún ti ní in nìyẹn. Ó lè fún ẹni mẹ́wàá, ó lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa gbà á padà àfi kí ẹ pa nọ́mbà dà. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí ní ọ̀nà tó máa gbà rí mi, èyí tí mo lè pa rẹ́ lọ́la ni mo máa ń kọ́kọ́ wá.

WhatsApp ní irú rẹ̀ kan. Nínú Settings, àwòrán onígun mẹ́rin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kóòdù QR yín, àwòrán tó-tò-tó tí kámẹ́rà lè kà, á yọ. Ẹni tó wà níwájú yín á fi kámẹ́rà fóònù rẹ̀ kà á, ó ti rí yín. Kò sí pé ẹ̀ ń ka nọ́mbà láàárín ariwo, tí "mẹ́ta" ń di "mẹ́fà" lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó bá wù yín, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Reset sí, kóòdù àtijọ́ á kú. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: ẹni tó ti fi kà á kó tó kú ti rí nọ́mbà yín. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn nìkan ni ilẹ̀kùn tì mọ́. Bí ẹ bá sì ti tẹ kóòdù náà sára ìwé ìpolówó, ìwé yẹn di pàǹtí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ Reset.

Telegram ṣe tiẹ̀ dáa jù bẹ́ẹ̀. Ẹ lè yan username, ìyẹn orúkọ tí wọ́n á fi máa wá yín dípò nọ́mbà, ó kéré tán lẹ́tà márùn-ún, kí ẹ sì máa fún àwọn èèyàn ní t.me/ pẹ̀lú orúkọ náà. Wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ láìrí nọ́mbà yín, bẹ́ ẹ bá ti wọ inú Privacy lọ, tí ẹ tẹ Phone Number, tí ẹ sì yan Nobody. Ìbéèrè méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí èkejì: ta ló lè rí nọ́mbà yín, àti ta ló lè fi nọ́mbà yín wá yín rí. Ẹ dáhùn méjèèjì. Ẹni tó ti ní nọ́mbà yín nínú fóònù rẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ṣì máa rí i. Ẹyin tó ti fọ́ nìyẹn.

Signal pẹ́ kó tó gbé username dé, oṣù Kejì ọdún 2024 ni, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ló fi ṣe é. Ẹ ṣì nílò nọ́mbà láti forúkọ sílẹ̀, àmọ́ áàpù náà kì í fi han ẹni tí kò bá ti ní in tẹ́lẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ní kó fi hàn. Nọ́mbà méjì, ó kéré tán, máa ń parí username níbẹ̀, kò sì sí ìwé orúkọ tí ẹnì kan lè máa tú wò; ẹni tó bá mọ̀ ọ́n geerege ló máa rí yín. Ẹ lè pa á dà nígbàkígbà. Tiẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí wá ni mo fẹ́ fi ṣe, nígbà tí gbogbo ẹbí mi wà lórí WhatsApp?

Bó bá jẹ́ kọ́ńtáàtì ẹlòmíràn lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ bi í. Kí ẹ sì tún wo ohun tẹ́ ẹ kọ sínú fóònù yín nípa rẹ̀, torí orúkọ tẹ́ ẹ fi tọ́jú rẹ̀ ló máa bá a lọ. Mo mọ ọkùnrin kan tó fi kọ́ńtáàtì oníbàárà rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà mìíràn. "Má Gbé E" ni wọ́n bá níbi orúkọ. Í-meèlì àti nọ́mbà kejì tún lè wà lára káàdì náà. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ yí i padà: ẹ mú nọ́mbà ẹni tó ń béèrè, kí ẹ fún ẹni tí wọ́n ń wá, kí òun fúnra rẹ̀ pè.

Ó ku kóòdù QR kejì, èyí tí àwọn olè fẹ́ràn. Kóòdù tó ń ṣàfihàn yín fún èèyàn, ẹ̀yin lẹ máa ń fi tiyín han ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní kí ẹ lọ sí Linked devices, ibi tí wọ́n ti ń so kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ mìíràn mọ́ WhatsApp yín, kí ẹ fi kámẹ́rà yín ka kóòdù tí òun fi ránṣẹ́, kó fi yín kún ẹgbẹ́ kan, kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ fẹ́ fún un yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti kà á, gbogbo ìtàkùrọ̀sọ yín á máa yọ lójú kọ̀ǹpútà tiẹ̀, fóònù yín á sì ṣì máa ṣiṣẹ́ débi tẹ́ ẹ ò fi ní fura. Ẹ̀rọ mẹ́rin ni WhatsApp gbà kí ẹ so mọ́ fóònù kan. Ẹ lọ sí Linked devices báyìí, ẹ ka àwọn tó wà níbẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò bá mọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yan Log out. Bákan náà ni kóòdù oní-nọ́mbà mẹ́fà tó máa ń wọlé lórí síìmù: kì í ṣe àdírẹ́sì, kò sí ẹni tó yẹ kó béèrè rẹ̀, tó fi mọ́ èmi tí mo ń kọ èyí.

Mo bá màmá ṣí Settings, Account, Change number. A kọ nọ́mbà àtijọ́ sókè, a kọ tuntun sísàlẹ̀ pẹ̀lú àmì ìròpọ̀ rẹ̀, a sì ní kí áàpù sọ fún gbogbo kọ́ńtáàtì wọn. Fóònù dún, kóòdù wọlé. Màmá wọ awò ojú wọn, wọ́n gbé fóònù jìnnà díẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè fún mi: "Mẹ́rin, òdo, méje..."

Mo fọwọ́ di etí méjèèjì. "Mà, ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́!"