Iná Iwájú Páwà-Báìkì: Gílóòbù Kọ́ Ló Ń Darí Ìmọ́lẹ̀

Bí iná iwájú páwà-báìkì bá ń jó bíi fìtílà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán, gílóòbù HID (onígáàsì xenon) tàbí LED ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sáré rà. Rìwáyà á yọ halogen, gílóòbù olókùn irin tó bá báìkì wá, á ki tuntun bọ ihò rẹ̀, á tan án sára ògiri ṣọ́ọ̀bù. Ògiri á funfun báláú, ẹni tó ni báìkì á rẹ́rìn-ín, owó á kúrò lọ́wọ́. Ó di alẹ́, ó di ojú ọ̀nà márosẹ̀: orí igi ń gba ìmọ́lẹ̀, ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ń gba tiẹ̀, kòtò iwájú táyà nìkan ni kò rí nǹkan kan gbà.

Gílóòbù kì í darí ìmọ́lẹ̀. Díńgí ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, gílóòbù kan ṣoṣo ni wọ́n sì ṣe díńgí náà fún. Ẹ mú gílóòbù H4 kan, irú halogen kan, sọ́wọ́, kí ẹ gbé e súnmọ́ ojú. Okùn irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wà nínú rẹ̀, 60 wáàtì fún fúlù, 55 fún dímù. Lábẹ́ okùn dímù, irin kékeré kan wà tó tẹ̀ bíi ṣíbí. Àwọn kan rò pé ohun tó di okùn náà mú lásán ni. Ṣíbí yìí gan-an ni ọgbọ́n ibẹ̀. Ó dá ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́ lọ sísàlẹ̀ dúró, kí ìdajì òkè díńgí nìkan lè rí i gbà. Ohun tó bá sì kan òkè díńgí yìí, ilẹ̀ ni díńgí ń dà á sí. Etí ṣíbí náà lápá kan tún fi digírì 15 rẹlẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì lè gòkè díẹ̀, kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn má baà di àwátì nínú òkùnkùn.

HID kò ní okùn. Mànàmáná kékeré kan ló ń fò láti irin kan dé èkejì nínú gáàsì xenon, ibi tó sì ti ń fò kì í ṣe ibi tí díńgí ń retí rẹ̀. LED ní tirẹ̀ to ìmọ́lẹ̀ sára pátákó pẹlẹbẹ, ojú méjì ló ní, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn. Télọ̀ ti wọn ẹnìkan, ó ti rán aṣọ tán, ẹlòmíì wá kó o wọ̀. Èyí tó wá burú ni pé ẹlòmíì yìí sanra: gílóòbù H7, tó jẹ́ halogen, ń tú nǹkan bíi 1,500 lumen (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀) jáde, D2S, tó jẹ́ xenon, ń tú 3,200. Ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ tí kò mọ ọ̀nà ilé.

Ti àwọ̀ búlúù tí àwọn kan ń wá náà tún wà. Xenon tó bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́ máa ń wà ní nǹkan bíi 4,300 Kelvin (òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), funfun tó pọ́n díẹ̀. Èyí tó búlúù, tí wọ́n kọ 8,000 sí lára, ẹwà ni wọ́n rà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti àkọ́kọ́.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí a tú iná náà palẹ̀, kí a gbé pùròjẹ́tọ̀ sínú rẹ̀. Orúkọ náà kò ṣèèṣì, nítorí sinimá gidi ni. Díńgí inú pùròjẹ́tọ̀ rí bí ìdajì èèpo ẹyin, irú díńgí bẹ́ẹ̀ sì ní ojúkò méjì: ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ojúkò kìíní jáde, ojúkò kejì ni gbogbo rẹ̀ ti ń pàdé. Ibi ìpàdé yẹn ni wọ́n gbé irin pẹlẹbẹ kan sí, lẹ́ǹsì oníkùn ńlá sì wà níwájú rẹ̀. Irin yẹn ni fíìmù. Òpópónà ni aṣọ funfun tí wọ́n ta. Àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n ń fi hàn láti alẹ́ dé òwúrọ̀: ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀, òkè ṣú, ìlà gbọọrọ kan ló pààlà wọn. Awakọ̀ tó ń bọ̀ kò sanwó ìwòran, inú òkùnkùn òkè ni wọ́n jókòó sí.

Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u wò máa ń rò pé wọ́n ti to irin náà sódì, nítorí ìsàlẹ̀ ló dí, kì í ṣe òkè. Lẹ́ǹsì ló fà á. Bí àwòrán bá gba inú lẹ́ǹsì kọjá, á dojú kodò, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń fi sinimá hàn láyé àtijọ́ fi ń ki fíìmù bọ ẹ̀rọ ní ìdoríkodò. Irin tó dí ìsàlẹ̀ níbí, òkè ló ń ṣú lọ́nà. Bí a bá tẹ fúlù, òòfà kékeré kan á fa irin náà wálẹ̀, kọ́!, gbogbo ojú ọ̀nà á là. Ọgbọ́n yìí dùn mọ́ni púpọ̀: gílóòbù kan, irin kan tó ń jókòó tó ń dìde, dímù àti fúlù ti pé. Etí ìlà yẹn tún máa ń yọ búlúù tẹ́ẹ́rẹ́ bí òṣùmàrè, nítorí lẹ́ǹsì ń ya ìmọ́lẹ̀ sọ́tọ̀. Àwọn tó ń fowó ra 8,000 Kelvin ì bá ti rí búlúù wọn níbí lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlà náà kì í gún tán. Ó máa ń ṣẹ́ sókè lápá ibi tí ẹ̀gbẹ́ títì wà. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà ní Britain àti Japan. Nàìjíríà ti fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin, 1972. Pùròjẹ́tọ̀ tòkunbọ̀ láti Britain tàbí Japan yóò máa ṣẹ́ sókè sí òsì, ojú ẹni tó ń bọ̀ gan-an. Kí ẹ tó sanwó ní Ládìpọ̀, ẹ tan án sára ògiri kí ẹ wo apá tó ń ṣẹ́ sí.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó kù kò le. Ooru nǹkan bíi digírì 100 ń mú gọ́ọ̀mù etí iná rọ̀. Kí ìka má kan díńgí rárá, àmì rẹ̀ kì í lọ. Ballast HID, àpótí kékeré tó ń fún un níná, ń ta ju 20,000 volt lọ nígbà tó bá fẹ́ tan, ẹ má fọwọ́ pa wáyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ páwà-báìkì sì wà tó jẹ́ ojú kan ló ń tàn bó bá wà ní dímù. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ jókòó lé e kí a tó tún ìlà náà ṣe, torí ìdí báìkì ń rẹlẹ̀, imú rẹ̀ ń gbé sókè. Ní mítà 10 sí ògiri, kí ìlà fi sẹ̀ǹtímítà 10 rẹlẹ̀ sí àárín iná. Iná tó ga ní 80 sẹ̀ǹtímítà yóò wá máa kan ilẹ̀ ní mítà 80 níwájú.

Kọ́nà ló ń tú àṣírí pùròjẹ́tọ̀. Báìkì ń fì, ìlà náà ń bá a fì. Bí a bá fì sí òsì, apá òsì ìlà á wólẹ̀, ibi tí a ń lọ gan-an á ṣú. Apá ọ̀tún á máa tan igbó. Bí a bá fì sí ọ̀tún, apá òsì á gbéra sókè, ó di ojú awakọ̀ tó ń bọ̀. Bí ìlà bá ṣe gún tó ni òkùnkùn yẹn ṣe ń dé lójijì tó. BMW fi báìkì K 1600 GT hàn ní 2010 pẹ̀lú díńgí kan tí mọ́tò ń yí lòdì sí bí báìkì ṣe ń fì, kí ìlà lè dúró gbọọrọ. Pùròjẹ́tọ̀ tí a kàn gbé sínú iná ògbólógbòó kò ní irú rẹ̀. Halogen àtijọ́, tí etí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí wúruwùru, ṣì máa ń fi ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fúnni ní kọ́nà.