Bí ìkìlọ̀ èrò ọkọ̀ ṣe di máàpù jàǹbá ní Nairobi

Matatu ni danfo àwọn ará Kẹ́ńyà. Ní 2012, Laban Okune dá Ma3Route sílẹ̀ ní Nairobi (tatu ni ẹẹ́ta lédè Sùwàhílì, ìyẹn ni Ma3 fi dúró fún matatu), kí èrò àti awakọ̀ lè máa ta ara wọn lólobó lórí fóònù: sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wà níbí, ọkọ̀ méjì ti forí gbárí lọ́hùn-ún. Ìwádìí kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n fẹ́ dé ibi iṣẹ́ lásìkò ni.

Orílẹ̀-èdè náà ti mọ irú àjọṣe yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà rògbòdìyàn ìdìbò ìparí 2007, ìkànnì ayélujára kan tó ń jẹ́ Ushahidi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìròyìn lẹ́nu ará ìlú, ó ń fi í sórí máàpù. Ẹ̀rí ni ìtumọ̀ orúkọ náà.

Ẹ̀rí ni ọ̀rọ̀ títì náà sì nílò. Lọ́dún 2016, 2,965 ni iye òkú jàǹbá ọkọ̀ tí ìjọba Kẹ́ńyà kà. Ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọdún kan náà jẹ́ 13,463. Òkú tí a kò kà, ta ni yóò tún títì nítorí rẹ̀?

Àwọn olùwádìí Báńkì Àgbáyé wá kó 874,588 ọ̀rọ̀ nípa ìrìnnà Nairobi jọ láti ojú ewé Ma3Route lórí Twitter. Wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà láti ṣa èyí tó jẹ́ ti jàǹbá. Ibi tí iṣẹ́ náà ti le gan-an ni mímọ ojú ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, torí pé èèyàn kì í fi nọ́ńbà júwe ọ̀nà. Bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́: lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, lẹ́yìn oríta, kí o tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kọ̀ǹpútà ní láti mọ ìyàtọ̀ láàárín "lẹ́yìn" àti "kí o tó dé". Ẹni mẹ́wàá sì lè ròyìn jàǹbá kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n pa irú wọn pọ̀, ìròyìn 32,991 láàárín 2012 sí 2020 di jàǹbá 22,872.

Ohun tó wú mi lórí jù ni bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò. Fún apá kan lára àwọn jàǹbá náà, bí ìròyìn bá ṣe ń wọlé, wọ́n ń rán àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé ẹrù fún oníbàárà lọ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdá 92 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló jóòótọ́.

Lóòótọ́, gbogbo ará ìlú kọ́ ló ń kọ̀wé sórí Twitter. Síbẹ̀, máàpù jàǹbá àkọ́kọ́ tí Nairobi ní nìyẹn, ó sì fi hàn pé ìdajì àwọn jàǹbá náà ṣẹlẹ̀ lórí ibi tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún títì ìlú náà.