Iye Ti Agboolé Wo Nìyí? Bí Namespace Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú XML Schema

Bí oníṣòwò àgbàdo ní Kétu bá kọ "iye" sínú fáìlì rẹ̀, iye àpò ló ní lọ́kàn. Bí akọ̀wé tó ń gbowó ní Àjàṣẹ́ bá kọ "iye", owó CFA ló ń sọ. Kí ẹni tó da fáìlì méjèèjì pọ̀ má bàa ṣìnà ni wọ́n ṣe fi namespace, èyí tí mo máa ń pè ní agboolé orúkọ, kún XML (ọ̀nà ìkọ fáìlì tó ń fi àmì sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́) lọ́dún 1999.

Àdírẹ́sì tó jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì la sábà fi ń pe agboolé náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í lọ ṣí i wò. Lẹ́tà ló ń fi wé lẹ́tà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìlà dídagun (/) kan tó ṣẹ́kù sí ìparí àdírẹ́sì fi ń sọ agboolé kan di méjì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni schema, ìwé òfin tó ń sọ ohun tí fáìlì gbọ́dọ̀ ní. A kọ targetNamespace, ìyẹn orúkọ agboolé tí schema náà wà fún, sí i, a sì rò pé gbogbo element (ẹ̀ka fáìlì tó ní orúkọ, bíi "iye") inú rẹ̀ ti wọ agboolé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí a kéde ní tààrà lábẹ́ schema fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́ orúkọ ìdílé; àwọn tí a bí sínú element mìíràn kì í jẹ́ ẹ, nítorí "unqualified" (aláìní agboolé) ni ìlànà ọdún 2001 yàn fún ẹni tí kò bá sọ ohun tó fẹ́.

Mo ti lo odidi ọ̀sán kan lórí irú èyí:

<akojo xmlns="http://example.org/ketu"><iye>40</iye></akojo>

Ẹ̀rọ aṣàyẹ̀wò ní "iye" lòun ń retí, "iye" náà ni mo sì kọ! Àṣé xmlns yẹn, àmì tó ń sọ agboolé tí element wà, ti kó "iye" wọ agboolé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé "iye" tí kò ní agboolé kankan ni schema ń wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ kọ elementFormDefault="qualified", èyí tó ń mú kí àwọn element inú náà wọ agboolé, láti ọjọ́ tí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ schema tuntun. Ẹ fi attribute (àlàyé kékeré tí a ń kọ sínú àmì element) sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí xmlns tí kò ní ìnagijẹ (lẹ́tà tó ń ṣojú agboolé níwájú orúkọ) kì í kàn án rárá. Bí schema náà bá sì ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, ẹ má ṣe yí i padà, torí gbogbo fáìlì tí wọ́n ti kọ ni yóò di àṣìṣe lójú kan náà; ẹ fún ìyá nìkan ní ìnagijẹ, kí ó di k:akojo pẹ̀lú xmlns:k, kí ẹ sì jẹ́ kí "iye" dá dúró.