Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ọdún ìbílẹ̀ tí àwọn Yorùbá apá ìwọ̀-oòrùn fi ń tu àwọn ìyá wa lójú, ìyẹn Ìyá Ńlá àti àwọn àgbà obìnrin tí a gbà pé wọ́n lè fúnni lọ́mọ àti òjò, tí wọ́n sì lè gbà á padà bí inú bá bí wọn. Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni ọ̀pọ̀ ìtàn ní ó ti ṣẹ̀ wá. Wọ́n ń ṣe é ní Ìmẹ̀kọ, Ìláròó àti Ìgbógílà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì dé Tógò. Obìnrin, Ìyáláṣẹ̀, ni olórí ẹgbẹ́. Àárín oṣù kẹta sí ìkarùn-ún ló sábà máa ń bọ́ sí, ṣùgbọ́n ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀ àrùn lè mú kí ìlú gbé e jáde nígbà mìíràn.

Òru ló ń bẹ̀rẹ̀, lójú ọjà. Ní Kétu, òṣèré kan tí wọ́n ń pè ní Arábì Ajígbálẹ̀ á gbá ojú agbo mọ́, òmíràn, Tètèdé, á sì fi orin pe Ẹ̀fẹ̀ síta. Ẹ̀fẹ̀ ni òkorin. Á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá, á júbà àwọn baba ńlá, kó tó wá fi ohùn sí ọ̀rọ̀ ìlú. Olè tó jí ewúrẹ́, ìjòyè tó kó owó ìlú jẹ, ọkùnrin tó ń yan ìyàwó oníyàwó: kálukú wọn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nínú orin lóru ọjọ́ náà, àwọn èrò á sì máa gbè é. Ẹnikẹ́ni kì í mú Ẹ̀fẹ̀ fún ohun tó kọ, nítorí ọba kì í pa òkorin. Ibi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti wúlò fún ìlú jù nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ijó ọ̀sán ni àlejò mọ̀ ọ́n mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn ọkùnrin á múra bí obìnrin, wọ́n á jáde ní méjì-méjì, pẹ̀lú gèlè àti ìró tí wọ́n yá lọ́wọ́ ìyá àti ìyàwó wọn. Orí ni wọ́n ń gbé ère igi lé bíi fìlà. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń bo ojú. Ará ìlú mọ ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe awo bíi ti Egúngún. Lókè ère ni agbẹ́gilére ti ń dárà: ejò tó gbé ẹyẹ, ìyá tó ru igbá ọjà, télọ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù. Ṣaworo irin ẹsẹ̀ oníjó gbọ́dọ̀ bá ohùn ìyá ìlù mu wẹ́kú. Wọ́n máa ń ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti rí òpin ìran.

UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá aráyé ní 2001, ó sì wọ inú àkójọ wọn ní 2008 lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò. Ní Brazil, àwọn obìnrin aláwọ̀dúdú fi orúkọ náà pe Geledés, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní São Paulo ní 1988 láti jà fún ẹ̀tọ́ wọn.