Bíìlì àkáǹtì tó ti kú: bó ṣe ń rìn àti ibi tí wọ́n ti ń dá a dúró

Ẹni tó bá kó kúrò nílé kan ní Sábó, Ìkòròdú, tó kó lọ sí Agric tàbí Ìjẹ̀dẹ̀, á rò pé ọ̀rọ̀ òun àti owó iná ilé yẹn ti parí. Kò parí o. Èèyàn ló kó, àkáǹtì ò kó. Ilé ni nọ́ńbà tó wà lókè bíìlì yẹn so mọ́ nínú kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ iná, orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ ló sì máa wà lórí ẹ̀ títí ẹnìkan á fi kọ̀wé pé kí wọ́n pa á dé. Tẹ́nikẹ́ni ò bá kọ̀wé, kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ẹnì kankan ti kó, ṣe ló kàn ń tẹ bíìlì jáde lóṣooṣù, tó ń kó tuntun lé ti tẹ́lẹ̀, kó tó pọ́dún méjì ó ti di gbèsè tó ń já èèyàn láyà.

Ti mítà prepaid ló wọ́pọ̀ jù. Tí wọ́n bá ti fi mítà tuntun sára ògiri, ó yẹ kí wọ́n ka mítà àtijọ́ nígbà ìkẹyìn, kí wọ́n gbé bíìlì ìkẹyìn jáde, kí wọ́n sì pa àkáǹtì yẹn dé. Àmọ́ ẹni tó fi mítà sílé yàtọ̀ sẹ́ni tó ń tẹ bíìlì, tí ìwé ò bá ti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹnì kejì, ilé kan á ní àkáǹtì méjì, ọ̀kan tí wọ́n ń ra káàdì sí, ìkejì tí wọ́n ń fojú bù owó fún bíi pé kò sí mítà níbẹ̀. Lóòótọ́ NERC, àjọ tó ń ṣàmójútó iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti gbé àṣẹ jáde ní oṣù kejì ọdún 2020 tó fi ààlà sí iye tí wọ́n lè fojú bù fẹ́ni tí ò ní mítà, ṣùgbọ́n owó tó ní ààlà náà tí kò bá tọ́ sí èèyàn, kò tọ́ sí i náà ni.

Ibi tó ti máa ń hàn ni risíìtì. Èèyàn ra káàdì ẹgbẹ̀rún márùn-ún, yúníìtì tó wọlé ò tó bó ṣe yẹ, ó ní wọ́n tún ti fowó kún iná. Kó wo ìwé yẹn dáadáa. Owó VAT 7.5% á wà níbẹ̀, ìyẹn ò ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ìlà kan bá tún wà tí wọ́n kọ “debt” tàbí “arrears” sí, gbèsè àkáǹtì àtijọ́ ni wọ́n ti gbé wọnú mítà tuntun yẹn, tí wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Bí kò bá sì gbà ọ̀nà yẹn wá, àwọn òṣìṣẹ́ iná tó ń gbé àkàbà kiri láti já iná ló máa gbé e wá. 

“Mummy, orúkọ yín wà nínú lísìtì o, wọ́n ní ká já a.”

“Ọmọ mi, mítà nìyí lára ògiri, ṣé o ò rí i ni?”

Ó rí i. Kò kàn lágbára àtiyọ orúkọ kankan nínú lísìtì ni, ọ́fíìsì ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde, torí náà ìjà ìdí òpó yẹn, àsán ni, owó tí wọ́n bá sì fún un kó lè sọ àkàbà kalẹ̀ ò ní hàn nínú àkáǹtì kankan, wọ́n á tún padà wá lóṣù tó ń bọ̀.

Lẹ́tà sí ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná ló ń pa irú ẹ̀. Ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ọ̀kan, kó sì padà sọ́wọ́ ẹni tó mú un lọ. Ohun tó máa wà nínú ẹ̀ ni nọ́ńbà àkáǹtì àtijọ́, nọ́ńbà mítà tuntun, ọjọ́ tí wọ́n fi mítà, fọ́tò, tó bá sì jẹ́ ẹni tó kó kúrò ni, ìwé láti ọwọ́ láńlọ́ọ̀dù tó sọ ọjọ́ tó jáde. Kéèyàn sì béèrè “statement of account”, ìwé tó to owó àkáǹtì yẹn lóṣooṣù, òun gan-an ló ń sojú abẹ níkòó, torí òun ló ń fi oṣù tí gbèsè bẹ̀rẹ̀ hàn, tí oṣù yẹn bá ti wà lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fi mítà, ẹjọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Lábẹ́ òfin NERC, ẹni tí ò ní mítà tó ń jiyàn bíìlì ò ní láti san èyí tó ń jiyàn lé lórí, iye tó wà lórí bíìlì ìkẹyìn tí kò sí àríyànjiyàn nípa ẹ̀ ni yóò san títí wọ́n á fi yanjú ẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ̀wé ránṣẹ́ kí wọ́n tó já iná. Tí ọ́fíìsì bá dákẹ́, ó kù kéèyàn gbé e lọ sókè, Èkó ti ní àjọ tó ń ṣàmójútó iná tiẹ̀ báyìí, LASERC, lẹ́yìn tí òfin iná mànàmáná ọdún 2023 ti ṣílẹ̀kùn fún àwọn ìpínlẹ̀.

Ti gbèsè orí fóònù, tí wọ́n ń bi èèyàn ní owó tí ẹlòmíì yá, tún wá yàtọ̀. Láyé àtijọ́ tí gbèsè bá pẹ́, ológò ni wọ́n ń rán, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, á máa pariwo, á máa sọ kòbákùngbé ọ̀rọ̀ títí wọ́n á fi wá owó. Ti ìsinsìnyí, orí fóònù ló jókòó sí. Àmọ́ ti àtijọ́ mọ ẹni tó jẹ gbèsè o! Síìmù tí ẹnikẹ́ni ò bá lò fún 180 ọjọ́, wọ́n lè tì í pa, tó bá tún lo 180 ọjọ́ mìíràn, wọ́n lè ta nọ́ńbà yẹn fẹ́lòmíì. Ẹni tó wá rà á ní gáréèjì Ìkòròdú, tí kò yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á bẹ̀rẹ̀ sí í gba “final notice”, ìkìlọ̀ ìkẹyìn lórí gbèsè, ti ẹni tí kò mọ̀ rí.

Èsì kan ṣoṣo ló yẹ kó gbà, kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀: èmi kọ́ ni, ta ló jẹ gbèsè yìí, ọjọ́ wo, ẹ fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́. Kò sí pé èèyàn ń fi BVN ránṣẹ́ láti fi hàn pé òun kọ́. Kò sì sí “ẹ jẹ́ kí n fi 2k ránṣẹ́ kí wọ́n ṣáà fi mí sílẹ̀”, torí gbèsè àdéhùn lásán tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà l’Ékòó, kóòtù ò gbọ́ ọ mọ́, àmọ́ tí onígbèsè bá san díẹ̀ nínú ẹ̀ tàbí tó kọ̀wé gbà pé òun jẹ ẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọdún mẹ́fà yẹn tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá ní ọlọ́pàá ń bọ̀, òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 sọ ọ́ ní abala 32 pé wọn ò gbọ́dọ̀ tìtorí àdéhùn tó já mú èèyàn. Èyí tó bá di ìhàlẹ̀, tí wọ́n ń pe gbogbo ẹni tó wà nínú fóònù èèyàn, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni wọ́n ń fẹjọ́ ẹ̀ sùn.

Àwọn tó kù ò le. Tí fóònù bá ń jẹ owó fún orin ìpè tàbí àdúrà òwúrọ̀ tẹ́nikẹ́ni ò bẹ̀ wọ́n sí, 305 ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá irú ẹ̀ dúró lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Áàpù tó so mọ́ káàdì báǹkì, pípa áàpù rẹ́ lórí fóònù ò pa subscription rẹ́, ó yẹ kéèyàn fagi lé subscription yẹn fúnra ẹ̀. Ti dìkódà ni kò tiẹ̀ yẹ kó dẹ́rù bani rárá, owó la kọ́kọ́ ń san ká tó wò ó, tówó bá tán àwòrán á lọ, torí náà ẹni tó bá pè pé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn èèyàn jẹ gbèsè dìkódà, olè ni.

Tí iléeṣẹ́ iná bá wá gbà pé àṣìṣe ni, ìwé tó sọ pé àkáǹtì ti di òdo ni kéèyàn gbà lọ́wọ́ wọn, ti ẹnu ò tó. Kéèyàn ya fọ́tò ẹ̀ àti ti gbogbo risíìtì lọ́jọ́ náà gan-an, torí ìwé POS yẹn, kó tó pé ọdún kan lápamọ́wọ́, ó ti funfun bálau.