A àti B dà?

Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé láptọ́ọ̀pù wá sọ́dọ̀ mi ní Kàbà. Mo ní "Òkun o, bàbá." Wọ́n dáhùn, wọ́n sì bi mí léèrè: "Ọmọ mi, ta ló kó A àti B lọ?" Wọ́n ti fi ayé wọn kọ́ ọmọ kéékèèké ní A, B, D. Wọ́n wá ṣí kọ̀ǹpútà, C ni orúkọ ibi ìpamọ́ fáìlì tí wọ́n kọ́kọ́ bá, lẹ́tà tí kò tilẹ̀ sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá.

Mo ní kí wọ́n jókòó.

Gary Kildall lo lẹ́tà láti fi pe dísíìkì, ibi tí fáìlì ń gbé, nínú CP/M, ètò adarí kọ̀ǹpútà tó ṣe ní 1974. Tim Paterson wo CP/M kọ ètò tirẹ̀ ní 1980. Microsoft rà á, ó di MS-DOS. Nígbà tí IBM PC jáde ní oṣù kẹjọ 1981, kò ní hard disk, dísíìkì tó ń gbé inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, rárá. Flọ́pì ló ń lò, pẹlẹbẹ tí èèyàn ń tì bọ ẹnu rẹ̀: ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ A, èkejì ń jẹ́ B. Bó bá jẹ́ ojú flọ́pì kan ṣoṣo lo lágbára láti rà, òun náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì; DOS á ní kí o yọ ti A, kí o ki ti B bọ̀ ọ́.

Oṣù kẹta 1983 ni PC XT, àbúrò IBM PC, gbé hard disk 10 MB dé. (Fọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin láti inú fóònù òde òní lè kún un.) Ó bá A àti B nílé, ó mú C. Flọ́pì kú tán, kò sẹ́ni tó jẹ oyè wọn.

DOS 2.0 tó bá XT wọlé ló mú FDISK wá, èyí tí wọ́n fi ń pín hard disk, kí ètò adarí tó ju ẹyọ kan lọ lè gbé orí dísíìkì kan láìjà. Ìpín mẹ́rin péré ni àkọsílẹ̀ ìpín tó wà lórí dísíìkì gbà. Nígbà tí dísíìkì ń tóbi sí i, DOS kò lè lo ju 32 MB lọ nínú ìpín kan, ni DOS 3.3 bá jẹ́ kí wọ́n máa tún ìpín kan gé sí wẹ́wẹ́ ní 1987. Bí D, E àti F ṣe pọ̀ nìyẹn.

Lọ́dọ̀ wa níbí, ìdí mìíràn la fi ń gé D: bí Windows bá dàrú tí a fọ C nù, kí àwọn fáìlì ṣẹ́ kù. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn kan gbà pé D jẹ́ àpótí mìíràn, irọ́ ni. Bí láptọ́ọ̀pù bá já bọ́ tí hard disk kú, C àti D á jọ lọ ni.

Láti ìgbà Windows Vista ní 2007 la ti ń dín C kù nínú Disk Management, irinṣẹ́ Windows fún pípín dísíìkì, láìfọ nǹkan kan nù. Àtifẹ̀ ẹ́ padà ló le: àyè tó ṣófo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ló lè gbà. Bí D bá jókòó sáàárín, bí ẹni tó fẹ́ fẹ oko rẹ̀ tí oko ẹlòmíràn sì dínà ni.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀. "Ṣé ipò A wá ṣófo báyìí?"

"Ó ṣófo, sà."

Wọ́n ní kí n yí D padà sí A. Kò sí ètò kankan lórí D, àwòrán àwọn ọmọ wọn nìkan ló wà níbẹ̀, torí náà mo ṣe é.

"A fún àwòrán," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa láptọ́ọ̀pù dé.